Màmá Tó Ń Rán Aṣọ Kó Lè Tú

"Ẹ má bọ́ bàtà o! Abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀!"

Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, àfi bí ohùn màmá ṣe dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò tíì rí ẹni tó ń bọ̀. Ọwọ́ wọn ò kúrò lára aṣọ, ẹsẹ̀ wọn ò sì dúró lórí maṣíìnì. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo rántí abẹ́rẹ́, mo bá tẹrí ba. Mo ní, "Àrẹdú o, mà!" Ìgbà yẹn ni maṣíìnì tó dákẹ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, 'ẹ kú iṣẹ́' náà lẹ fi ń kí aláró, òun lẹ fi ń kí télọ̀, òun náà lẹ fi ń kí ọlọ́pàá."

Ilé náà wà lẹ́yìn ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ní apá ibi tí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà ti ń gun ara wọn lórí lọ sí ìdí Òkè Olúmọ. Ẹni tó bá gba iwájú ọjà wọlé, kámpálà aláràbarà ni yóò kọ́kọ́ bò ó lójú: pupa, ìyeyè, àwọ̀ ewé, àti àwọn mìíràn tí n ò mọ orúkọ wọn. Lọ́dọ̀ màmá yìí, àwọ̀ méjì péré ló wà, aró àti funfun. Wọ́n ní kí n má kọ orúkọ wọn. "Iṣẹ́ ni kí o kọ." Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, aró sì ti wọ inú èékánná wọn débi pé ọṣẹ ò rí i ṣe mọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni gbogbo ibi iṣẹ́. Ilẹ̀kùn àtijọ́ kan tí wọ́n gbé lé búlọ́ọ̀kù ni tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ń ki pẹ́ńsùlù bọ̀. Lábẹ́ tábìlì ni ìdì tẹ́rù wà, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ, tí wọ́n fi ọ̀rá wé kí eku má baà jẹ ẹ́. Agolo bisikíìtì aláwọ̀ búlúù kan wà lójú fèrèsé. Ẹ̀yin náà mọ irú agolo yẹn: ọmọdé á sáré ṣí i, á bá òwú àti bọ́tìnnì pàdé.

Maṣíìnì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ìjókòó rẹ̀ ní tìmùtìmù. Singer dúdú ni, ẹlẹ́sẹ̀, tí irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní orúkọ ilé iṣẹ́ náà lára. Góòlù tí wọ́n fi ya òdòdó sí i lára ti ṣí ní gbogbo ibi tí ọwọ́ ń gbà kọjá; ibi tí ọwọ́ kì í dé ṣì ń dán. Nọ́ńbà kan wà lára irin rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Màmá ò bìkítà fún ìyẹn. "Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti bá a. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Butterfly ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ lòun náà, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni íńdọ́síríà tó ń lo iná, irú èyí tó lè gún aṣọ ní 5,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan tí iná bá wà. Ẹ ṣàkíyèsí bí mo ṣe parí gbólóhùn yẹn. Lọ́jọ́ tí mo lọ, kò síná láti àárọ̀. Ẹ̀kẹrin ni tínkò, tí àwọn télọ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sọ́rùn agbádá. Aṣọ ni wọ́n dà bò ó. Mi ò rò pé màmá fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ló dé tí èyí tó dàgbà jù fi jẹ́ ààyò? Ohun tí wọ́n ń rán ló fà á. Télọ̀ ń rán aṣọ kó má baà tú. Tó bá tú, oníbàárà á wá bá a jà. Màmá ń rán tiwọn kó lè tú. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ funfun po, wọ́n á rán ìṣẹ́po náà pinpin, wọ́n á rì í sínú aró. Ibi tí òwú bá ti fún un pọ̀, aró ò ní rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Tí aṣọ bá gbẹ, wọ́n á já òwú náà, funfun á yọ.

Látijọ́, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń rán an, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìko di àdìrẹ oníko. Nígbà tí maṣíìnì dé, àwọn ọkùnrin télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi rán alábẹ́rẹ́ fún àwọn obìnrin aláró. Bí ọkùnrin ṣe rí àyè wọnú iṣẹ́ àdìrẹ nìyẹn. Àwọn náà ló ń gé bátànì onípáànù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ. Àdìrẹ ìrántí tó jáde ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè, bátànì ni wọ́n fi ṣe é.

Nínú ilé yìí, bàbá ló ń rán, ìyá ló ń rẹ. Màmá dàgbà sáàárín maṣíìnì àti ìkòkò aró. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin fẹ́ ta Singer. "Mo ní kó tà á fún mi." Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ bàbá àti iṣẹ́ ìyá ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Wọ́n ní kí n sún mọ́ ọn. Aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ti di ìṣẹ́po mẹ́jọ, ó nípọn bíi bẹ́líìtì. Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún yí àgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, abẹ́rẹ́ rọra wọlé, ó rọra jáde. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbà á. Níbi tí ìlà ti ṣẹ́rí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ, wọ́n gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè, wọ́n yí aṣọ díẹ̀, wọ́n sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n tún dúró.

"Ìyẹn ò mọ ẹyọ kan," wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí íńdọ́síríà. "Tí o bá ní kó gún un lẹ́ẹ̀kan, ó ti gún un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án tó kù yẹn, funfun tí mi ò bẹ̀ ni wọ́n máa dà sí mi láṣọ."

Òwú gan-an ní tirẹ̀. Wọn kì í lo òwú ọ̀rá tó ń dán yẹn, bó tiẹ̀ le jù. Òwú gidi máa ń mu omi, á wú, á sì dí ihò tí abẹ́rẹ́ dá. Ọ̀rá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí èmi náà jókòó wò. Mo tẹ̀ ẹ́. Àgbá yí sẹ́yìn, òwú já, ìsàlẹ̀ aṣọ di ìtẹ́ ẹyẹ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún yí sẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, fi aṣọ bo ẹnu. Màmá mú ọwọ́ mi, wọ́n gbé e lé àgbá: "Ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ sọ ibi tó ń lọ fún un. Ẹsẹ̀ á wá tẹ̀ lé e." Lẹ́ẹ̀kẹta, mo rán ìlà kan tó gùn tó ìka mi, tó wọ́ bí ọ̀nà oko. Wọ́n ní àwọn ò ní já a dànù, bẹ́ẹ̀ làwọn máa rì í mọ́ aró.

Ẹ̀yìnkùlé ni òórùn ti ń wá. Ìkòkò méjì ṣì wà fún ewé ẹ̀lú, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá, kí wọ́n tó fi omi eérú rẹ ẹ́. Dúrọ́ọ̀mù ike mẹ́ta sì wà fún aró òyìnbó tí wọ́n ń fi kọ́sítíìkì pò. Mo bi wọ́n pé èwo ni ojúlówó. Wọ́n ní ìjà àtijọ́ ni mo fẹ́ dá sílẹ̀. Òótọ́ sì ni. Ní 1936, àwọn aláró Abẹ́òkúta kọjú ìjà sí òfin Aláké Adémọ́lá Kejì tó ní kí wọ́n má lo kọ́sítíìkì mọ́, nítorí kọ́sítíìkì ti mú iṣẹ́ yá, wọn ò sì fẹ́ padà sẹ́yìn. Màmá ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ti oníbàárà tó ń kánjú, inú dúrọ́ọ̀mù. Ti ẹni tó lè dúró, inú ìkòkò.

Aṣọ kan jáde lójú mi. Mo rò pé aró ni màá rí, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni, bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí okùn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, etí rẹ̀ kọ́kọ́ ṣókùnkùn, àárín tẹ̀ lé e, kí n tó parí ọ̀rọ̀ tí mo ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ, gbogbo rẹ̀ ti di aró.

Ìtúṣọ ló ń gba sùúrù. Ìdajì bíléèdì ni irin iṣẹ́, tí wọ́n fi àkísà wé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Màmá fi àtàńpàkò na aṣọ, wọ́n ki ẹnu bíléèdì bọ abẹ́ òwú, pá, pá, pá, ìṣẹ́po ń là. Ìlà funfun tó ń yọ kì í ṣe ìlà gbọọrọ. Ó rí bí eyín ẹja tó tò tẹ̀ léra, eyín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé nígbà kan. Bíléèdì tó bá yẹ̀ ni pẹ́rẹ́, ó ti gé aṣọ nìyẹn, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ti wọgbó. "Àwọn tó lè rán an pọ̀," ni màmá wí. "Ẹni tó lè tú u láìgé e ni kò pọ̀." Òwú tí wọ́n já kì í lọ sí ààtàn. Òun ló wà nínú tìmùtìmù tí wọ́n fi ń jókòó sídìí Singer.

Èyí tí bíléèdì bá sì gé ńkọ́? Ó di iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́ onígun mẹ́ta, wọ́n á tò ó jọ di aṣọ ńlá tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri. Ọgbọ́n yẹn, ara ẹ̀kú eégún ni wọ́n ti rí i, níbi tí ìdílé ti máa ń fi aṣọ tuntun lé àtijọ́ lórí lọ́dọọdún. "Èmi obìnrin ò rán ẹ̀kú o. Ojú ni mo fi wò ó, nígbà tó ń jó lóde." Níbí ni íńdọ́síríà ti wúlò, nígbà tí iná bá dé. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń gbé ìró ìyá wọn tó ti kú wá, kí màmá bá wọn fi ṣe aṣọ ìbora. Ìyẹn nìkan ni wọn kì í fi bíléèdì kàn. Àlùmọ́gàjí ni, ọwọ́ àwọn fúnra wọn ni.

Odò Ògùn ló wà lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n sọ di tábìlì lọ́wọ́lọ́wọ́. Tẹ́rù méjì ni, ọ̀pá méjì ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà pẹ́ńsùlù bẹ̀rẹ̀ láti apá Ṣakí níbi tí odò náà ti ṣẹ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń lọ pàdé ọ̀sà lẹ́bàá Èkó. Odò yìí ni wọ́n ń rán pinpin kí aró má lè dé ibẹ̀, kí ilẹ̀ dúdú, kí omi funfun. Abẹ́rẹ́ ti dé Abẹ́òkúta. Wọ́n ti rán òkúta kéékèèké yí i ká níbẹ̀. Ó ku ọ̀nà Èkó.

Bí mo ṣe ń lọ, mo tún gba inú ọjà kọjá. Lórí tábìlì kan, mo rí ohun tó jọ iṣẹ́ màmá gẹ́lẹ́, eyín ẹja náà wà níbẹ̀, owó rẹ̀ ò tó ìdajì. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ China. Tí ẹ bá lọ ra alábẹ́rẹ́ ní Ìtòkú, ẹ yí aṣọ náà sẹ́yìn. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣí ju ojú lọ, ẹ dá a padà. Tí ojú àti ẹ̀yìn bá jọra, ẹ gbé e sókè sójú oòrùn, kí ẹ wá ihò abẹ́rẹ́.