Ṣé Fáírọ́ọ̀sì Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Wa?

Ẹ̀yin ará wa, a ti mọ̀wé kà, a sì ti mọ̀wé kọ. Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ni kì í ti ọwọ́ akólẹ́tà wá mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbà wá. Ímeèlì ni à ń pè wọ́n. Ímeèlì yá kánkán, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọlúwàbí ń tọ̀, olè náà ń tọ̀ ọ́.

Kí ni fáírọ́ọ̀sì?

Fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kì í ṣe kòkòrò abẹ̀mí. Kò lè ran ènìyàn. Àṣẹ tí ènìyàn burúkú kọ fún kọ̀ǹpútà ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gba àṣẹ náà, iṣẹ́ tí ẹni tó ni ín kò rán an ni yóò máa ṣe. Irú èyí tí ń gba inú ímeèlì kiri a máa wá àdírẹ́sì àwọn ọ̀rẹ́ wa rí, a sì máa kọ lẹ́tà sí wọn ní orúkọ wa. Wọn á rí orúkọ wa, wọn á sì ṣí i. Ó di tiwọn náà nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2000

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kárùn-ún, ọdún 2000, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kan jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines. ILOVEYOU ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀, ìyẹn ni pé, 'Mo fẹ́ràn rẹ.' Fáìlì kan so mọ́ ọn, bí ẹni pé lẹ́tà ìfẹ́ ni. Ta ni kò ní fẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ràn òun? Ìparí orúkọ fáìlì náà ni .TXT.vbs. TXT ń sọ pé ìwé kíkà lásán ni. Ṣùgbọ́n vbs tó kẹ́yìn ni òótọ́: àṣẹ ni. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kì í sì í fi èyí tó kẹ́yìn hàn.

Ẹni tó bá ṣí i, fáírọ́ọ̀sì náà á ba àwọn àwòrán inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́, á sì gba inú ètò Outlook kọ̀wé sí gbogbo àwọn tí àdírẹ́sì wọn wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ilé Aṣòfin ní ìlú London ti ímeèlì tirẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Nígbà náà, Philippines kò ní òfin tí wọ́n lè fi jẹ ẹni tó ṣe é níyà. Oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n tó ṣe òfin lórí rẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀?

Ká ní àbúrò wa kan pè wá lórí fóònù, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà wo lẹ fi ránṣẹ́ sí mi yìí?' A kò sì kọ nǹkan kan. Kí á má tíì pariwo. Ohun mẹ́ta ló lè fà á.

Èkíní, fáírọ́ọ̀sì lè wà nínú kọ̀ǹpútà wa lóòótọ́.

Èkejì, ẹnì kan lè ti jí pásíwọ́ọ̀dù wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí ímeèlì wa. Kọ̀ǹpútà tiwa lè mọ́ tónítóní.

Ẹ̀kẹta, wọ́n lè kàn fi orúkọ wa kọ̀wé. Ṣebí ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ tó bá wù ú sí ẹ̀yìn àpò ìwé? Bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì Mydoom ṣe ní ọdún 2004. Inú kọ̀ǹpútà ẹnì kan ló wà, orúkọ ẹlòmíràn ló ń lò.

Báyìí ni a ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò:

1. Kí á wo ibi tí ímeèlì ń kó àwọn lẹ́tà tí a ti fi ránṣẹ́ sí. Bí a bá rí èyí tí a kò kọ, ẹnì kan ń lo ímeèlì wa, tàbí fáírọ́ọ̀sì. Bí a kò bá rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kò tíì tán, nítorí olè lè pa ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́.

2. Kí á wo orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù tó ti ṣí ímeèlì wa. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ímeèlì ló ń fi wọ́n hàn. Bí èyí tí kì í ṣe tiwa bá wà níbẹ̀, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé wọ́n ti jí pásíwọ́ọ̀dù wa.

3. Kí á ṣàkíyèsí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ṣé ó ṣàdédé ń falẹ̀? Ṣé àwọn fáìlì kò ṣí mọ́? Àmì kan ṣoṣo kò tó. Kọ̀ǹpútà tó ti gbó náà a máa falẹ̀.

4. Kí á lo àntífáírọ́ọ̀sì, ètò tí ń wá fáírọ́ọ̀sì kiri. Defender wà nínú Windows 10 àti 11. Kí á kọ́kọ́ sọ ọ́ di tuntun, nítorí ọdẹ tí kò mọ ojú olè kò lè mú un. Lẹ́yìn náà, kí ó yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹ mú sùúrù.

Bí a bá rí i ńkọ́?

Kí á yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí lẹ́tà burúkú má baà máa jáde. Kí á jẹ́ kí àntífáírọ́ọ̀sì pa á. Kí á fi kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù wa, nítorí fáírọ́ọ̀sì mìíràn a máa ṣọ́ ohun tí à ń tẹ̀. Kí á pe àwọn ọ̀rẹ́ wa lórí fóònù pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i o.' Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, á sì ran ará ilé rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra: bí ìkìlọ̀ bá ṣàdédé yọ lójú kọ̀ǹpútà pé, 'Fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, ẹ pe nọ́ńbà yìí kíákíá,' ẹ má pè é. Iṣẹ́ àwọn olè ni.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bí fáìlì tí a kò retí bá dé, ìbáà jẹ́ orúkọ ọmọ ìyá wa ló wà lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi í léèrè kí á tó ṣí i.

Ìbéèrè

1. Kí ni fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà?
2. Ohun mẹ́ta wo ló lè mú kí lẹ́tà tí a kò kọ jáde ní orúkọ wa?
3. Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà mìíràn pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù?