Ọjọ́ kan tó sọnù lórí òkun

Ní ọdún 1519, ọkọ̀ ojú omi márùn-ún gbéra ní ilẹ̀ Sípéènì. Àwọn tó wà nínú wọn lé ní 200. Magellan ni olórí wọn. Wọ́n ń wá ọ̀nà dé erékùṣù tí kànáfùrù ti ń wá. Wọ́n kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ń lọ.

Ìrìn àjò náà le púpọ̀. Ebi pa wọ́n, àìsàn sì ṣe wọ́n. Ní ọdún 1521, wọ́n pa Magellan lójú ìjà ní erékùṣù Filipíìnì. Elcano ló wá darí ọkọ̀ Victoria padà sílé.

Pigafetta wà nínú ọkọ̀ náà. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ohun tí ojú wọn rí sínú ìwé. Kò fo ọjọ́ kankan. Ní oṣù keje ọdún 1522, wọ́n dúró ní erékùṣù Cap-Vert, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti wá oúnjẹ. Wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ pé: «Ọjọ́ wo ni òní?»

Wọ́n dáhùn pé: «Ọjọ́bọ̀ ni.»

Ẹnu ya Pigafetta. Nínú ìwé tirẹ̀, Ọjọ́rú ni! Ta ló ṣì í kà? Àbí ọkọ̀ náà ti padà sínú àná ni?

Ayé ń yí

Ẹ̀yin ọmọ, ayé rí roboto bí ọsàn. Ó ń yí lójú kan bí òkòtó. Wákàtí 24 ló fi ń yí lẹ́ẹ̀kan. Apá tó bá kọjú sí oòrùn, ọ̀sán ni níbẹ̀. Apá tó bá kẹ̀yìn sí i, òru ni níbẹ̀.

Àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn ló ń kọ́kọ́ rí oòrùn. Kétu wà ní ìlà-oòrùn Atakpamé ní Tógò. Oòrùn á ti yọ ní Kétu fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà kí ó tó yọ ní Atakpamé.

Ẹyẹ tó ń bá oòrùn lọ

Ká ní ẹyẹ kan gbéra ní Kétu ní ọ̀sán gangan. Ó fò lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn kò kúrò lókè orí rẹ̀. Ó yí ayé ká, ó padà dé Kétu. Àwa tó wà nílé ti sùn, a ti jí. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ti dé. Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà kò rí òru rárá. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ kan náà ni!

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Victoria, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Lójoojúmọ́ tó bá sún sí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó wọ̀. Bí a bá pín in dọ́gba, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wọn fi ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ gùn ju ti ará ilé lọ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn di wákàtí 24. Ìyẹn ni ọjọ́ kan tó sọnù.

Pigafetta kò ṣì í kà. Kò sì sí ẹni tó padà sínú àná. Ní oṣù kẹsàn-án, ènìyàn 18 péré ló bá Victoria dé Sípéènì.

Lónìí, ìlà kan wà lórí àwòrán ayé, láàárín Òkun Pàsífíìkì. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn yóò fi ọjọ́ kan kún ìkà rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí ìlà-oòrùn yóò yọ ọjọ́ kan kúrò.

Ẹ ṣe é wò

Ẹ mú ọsàn kan àti iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi àmì sí ara ọsàn náà, kí ẹ tan iná sí i, kí ẹ sì máa yí i. Nígbà wo ni ilẹ̀ mọ́ fún àmì yín?

Ìbéèrè

1. Ọkọ̀ mélòó ló gbéra ní ọdún 1519?
2. Ọjọ́ wo ni Pigafetta kọ sínú ìwé rẹ̀? Ọjọ́ wo ni àwọn ará Cap-Vert pè é?
3. Bí ọkọ̀ náà bá gba ìlà-oòrùn yí ayé ká ńkọ́? Ṣé ọjọ́ kan yóò dín ni, tàbí yóò lé?