Ìtọ́jú Ẹ̀rọ tí A fi ń Mọ̀ bí Gáàsì bá ń Jò

Bí ọdẹ tí a gbà láti máa ṣọ́ àdúgbò bá dákẹ́ lóru, ọ̀kan nínú ohun méjì ni: bóyá olè kò wá, tàbí bóyá ọdẹ ti sùn lọ. Ẹni tí ó wà nínú yàrá kò lè mọ èwo ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn rí pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú tí àwọn tí ń ta gáàsì, àwọn tí ń tún ààrò gáàsì ṣe, àti àwọn onílé mìíràn fi ń wá ibi tí gáàsì gbé ń jò. A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi gáàsì dáná, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1937, gáàsì jò, ó sì kó jọ sí abẹ́ ilé-ìwé kan ní ìlú New London, ní ìpínlẹ̀ Texas ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nítorí pé gáàsì náà kò ní òórùn, ẹnikẹ́ni kò fura títí ó fi gbiná. Àwọn ọmọ àti olùkọ́ tí ó kú sún mọ́ 300. Lẹ́yìn èyí ni òfin fi dandan lé e níbẹ̀ pé kí a máa fi òórùn búburú sínú gáàsì, irú èyí tí a ń gbọ́ bí sílíńdà wa bá ń jò. Ṣùgbọ́n imú ènìyàn a máa rẹ̀: ẹni tí ó bá pẹ́ nínú òórùn náà kì í gbọ́ ọ mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ pẹ̀lú ní imú, imú tirẹ̀ náà a sì máa kú.

Eruku, epo àti omi a máa dí i. Sílíkónì, tí ó wà nínú àwọn ohun ìdán kan àti àwọn ohun tí a ń fín síta láti inú agolo, lè ba irú imú ẹ̀rọ kan jẹ́ pátápátá. Iná ẹ̀rọ yóò máa tàn, bátìrì rẹ̀ yóò pé, síbẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Àwọn mìíràn a máa tẹ láítà sí i láti dán an wò. Èyí kò dára. Gáàsì tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè pa imú ẹ̀rọ lára, kò sì fi hàn pé ẹ̀rọ náà yóò gbọ́ èyí tí ó kéré.

Nítorí náà, aṣọ gbígbẹ ni kí a fi nù ún, kí a má ṣe fi pẹtiróòlù nù ún. Kí a pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀ bí ó bá dọ̀tí, kí a sì yọ bátìrì rẹ̀ bí a óò bá gbé e pamọ́ pẹ́. Ìta gbangba ni kí a ti tàn án, níbi tí afẹ́fẹ́ gbé mọ́, kí a sì dúró kí ó gbóná. Kí àwọn oníṣẹ́ máa fi gáàsì ìdánwò tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì gbé e lọ fún àtúnṣe ìwọ̀n ní àkókò tí ìwé ẹni tí ó ṣe é bá wí. Imú tí ó bá ti gbó, pípààrọ̀ ni.

Gáàsì inú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ni ó sì ń rọ̀ sí. Nítorí náà, nítòsí ilẹ̀ ni kí a ti máa fi ẹ̀rọ wá a, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà kí a fi ìfófòó ọṣẹ mọ ojú ibi tí ó ń jò. Ìṣáná kọ́ ni a fi ń wá a.

Bí ẹ̀rọ bá sì ké, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má ṣe tan iná mànàmáná, ẹ má sì ṣe pa èyí tí ó ti ń tàn. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Àwọn àgbà ní, kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀.