Fátúmbí: afọ́tò tó di Ojú Ọba



Ní oṣù tó kọjá, à ń bọ Ifá nílé wa ní Alájùé, nílùú Ẹdẹ. Bí ìyẹ̀rẹ̀ ṣe ń lọ lọ́wọ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tó bá àlejò wá yọ fóònù, ó nà án sáàárín àwa awo, ó ń ya fídíò. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí a ò bá yà á, báwo ni àwọn ọmọ yín yóò ṣe mọ̀ ọ́n?" Mo ní kó jáde. Ó jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jáde nínú mi. Olúwo tó kọ́ mi nífá kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò títí tó fi wọ káà ilẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bi mí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ẹnu lásán ni mo fi ń júwe rẹ̀ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi rántí afọ́tò kan tí Ifá fúnra rẹ̀ gbà sílé: Pierre Verger, tí àwa awo mọ̀ sí Fátúmbí.

Ilé olówó ni wọ́n bí i sí ní Párìsì, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1902. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1932, ó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ó fi kámẹ́rà Rolleiflex kọ́ ọrùn, ó bọ́ sọ́nà. Kámẹ́rà yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sójú. Àyà ni wọ́n ń gbé e sí, ẹni tó ń ya fọ́tò á sì tẹrí ba wo inú rẹ̀ láti òkè. Ó lé ní ọdún mẹ́tàlá tó fi ń rìn bẹ́ẹ̀. Ó dé Tahiti, Jàpáànì, Ṣáínà, Mẹ́síkò àti Pẹrú. Ó tiẹ̀ gba Tógò àti Dàhómì, tí à ń pè ní Benin lónìí, kọjá. Fọ́tò tó bá yà ló ń tà fún ìwé ìròyìn láti fi jẹun. Àmọ́ àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó ti rí ilé ayé, kò tíì rí ibi tí yóò gbé ẹrù sọ̀ sí.

Ní 1946 ló dé Bahia ní Bùràsílì, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Ó bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé Ṣàngó, Ọya àti Ọ̀ṣun, tí wọ́n sì ń fi èdè baba wọn kí òrìṣà. Ó ya wọ́n ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ilé ìwádìí kan tó wà ní Dakar, IFAN, fún un lówó láti wá wo orísun ẹ̀sìn náà ní Áfíríkà. Ó kó nǹkan bí 2,000 fíìmù fún wọn. Théodore Monod tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ ní fọ́tò nìkan kò tó, kó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Ohun tí ojú ń rí ló ti yà. Ó kù kó wá jókòó ti àwọn tó ni ín.

Láti ìgbà náà ló ti di oníṣẹ́ láàárín òkun méjèèjì. Ní 1952, Aláàfin Adéníran Adéyẹmí fi ṣẹ́ẹ̀rẹ́ àti ẹdùn àrá rán an pẹ̀lú ìwé sí Ìyá Senhora, olórí Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá ní Bahia, ó sì fi í jẹ oyè Ìyá Nasó. Àwa ará Ẹdẹ, ọmọ Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná tó jẹ́ jagunjagun Ṣàngó, mọ ìwúwo irú ẹrù bẹ́ẹ̀. A kì í gbé e lé ẹni tó kàn ń kọjá lọ lọ́wọ́. Ilé Òpó Àfọ̀njá yìí náà ló fún un ní oyè Ojú Ọba, ojú Ṣàngó. Ẹni tó jẹ́ ojú ọba ń rí ohun tó wà láàfin, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gbé lọ sọ́jà.

Ní 1953, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, ó di babaláwo, ó ń jẹ́ Fátúmbí: Ifá tún mi bí. Ẹni tó bá tẹfá di ẹni tí a lè sọ awo fún, ó sì di ẹni tí ìbúra lè mú. Ẹdẹ náà mọ irú rẹ̀. Ajagẹmọ ibí ló gba Àdùnní Olórìṣà sínú awo Ọbàtálá ní àwọn ọdún 1950, kó tó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo.

Kí n má parọ́, Fátúmbí bí mi nínú nígbà kan. Ní 1995, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, ìwé rẹ̀ *Ewé* jáde ní èdè Yorùbá àti Potogí: àkópọ̀ ewé àti ọfọ̀ tó lé ní 400. Nígbà tí awo ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé e wá, mo ní, "Ó mà sọ ọ́ jù!" Mo ṣí i síwájú. Mo bá ewé kan tí Olúwo mi fi kọ́ mi, tí mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. N kò lè bínú mọ́. Èmi ọmọ awo ló sọ ọ́ nù. Àlejò ló bá mi tọ́jú rẹ̀.

Fíìmù tó fi sílẹ̀ tó 62,000, ó wà nílé tó gbé ní Salvador, níbi tó kú sí ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 1996.

Mo ti ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́kùnrin ọjọ́sí padà. Mo ní kó máa wá ní ọjọ́ Ifá, kó fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, kó jókòó, kó gbọ́. Igbódù kò ṣeé yà, kò sì ní ṣeé yà láéláé. Ìlù, ijó, àwọn ọmọdé àti ojú àwa àgbà, a lè yọ̀ǹda wọn fún ẹni tó bá kọ́kọ́ tọrọ.

Ó wá ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ìgbà kẹrin, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé mo lè yà yín?" Mo tún ìdè ọwọ́ mi ṣe, mo jókòó síwájú ilé. Àwọn ọmọ-ọmọ tèmi kò ní bi ẹnikẹ́ni bí ojú mi ṣe rí.