Odeku Nígbà Òjò



Bí òjò oṣù kẹfà bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ẹni tó bá ń ta ọtí mọ̀ pé Star inú yìnyín kì í tètè lọ mọ́. Stáòtù ni wọ́n ń béèrè. Àwọn alábàárù á ti wọ́ọ̀fù Apápá dé, aṣọ wọn á tutù rinrin: "Màmá, Odeku kan, kó má tutù jù o!" Wọ́n gbọ́n. Bí yìnyín bá mú stáòtù jù, ẹnu kì í mọ adùn rẹ̀ mọ́.

Ṣebí ìtòsí wa níbí, ní Ìgànmú, ni Star ti kọ́kọ́ jáde ní 1949. Ní 1962 ni Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Odeku ní Ìkẹjà.

Ohun tí a kì í sọ ní ìsọ̀ nìyí: ọtí kì í mú ara gbóná rárá. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sáré wá sábẹ́ awọ, a ó rò pé ooru dé, bẹ́ẹ̀ ooru inú ara ló ń bá ibẹ̀ jáde lọ. Agbára Star tó bíi 5 nínú 100. Ti Odeku, 7.5. Ìgò ńlá Odeku méjì, Star mẹ́ta nìyẹn! Ẹni tí òjò ti pa, tó tún mu ìyẹn, báwo ló ṣe fẹ́ délé lálẹ́ nígbà tí omi ti bo gọ́tà mọ́lẹ̀?

Èmi ò ní kẹ́ ẹ má tà á o, owó ilé-ìwé ọmọ wà níbẹ̀. Ẹ kàn gbé pẹ́pẹ́súùpù ẹja gbígbóná síwájú oníbàárà kó tó béèrè ìgò kejì. Owó nìyẹn náà. Kẹ́ ẹ sì gba ìgò yín padà kí òjò tó dá, torí bó bá ti dá báyìí, kálukú ti lọ nìyẹn.