Táyà ‘all-season’: ìgbà ìlú wo ni wọ́n fi ṣe é?

Òjò tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Ajé, wàhálà ló máa ń kó bá àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò ní Àjàó Estate. Ẹni tó fẹ́ gbé oníbàárà lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ẹni tó ń pín búrẹ́dì káàkiri àwọn ìsọ̀, ẹni tó ń gbé aṣọ tó ti fọ̀ tó sì ti lọ̀ lọ fún àwọn tó ni ín, gbogbo wọn ló máa gba Asa-Afariogun tàbí Osolo Way jáde, kí wọ́n tó bọ́ sójú Airport Road. Bí mọ́tò tó wà níwájú bá ṣàdédé dúró nínú omi, táyà ló máa sọ bóyá ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn á dúró tàbí á lọ kọ lù ú. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ irú táyà tó rà, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó ti sanwó.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́. Ẹni tó ń ta táyà á ní, “Ọ̀gá, all-season lèyí o. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, kò sí èyí tí kò lè gbé.” Oníbàárà á béèrè iye tó jẹ́, wọ́n á ná an díẹ̀, ó parí. Ọlọ́jà náà kò purọ́, all-season ni wọ́n pè é lóòótọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè ni pé ìgbà ìlú wo gan-an ni àwọn tó ṣe táyà náà ní lọ́kàn.

Amẹ́ríkà ni orúkọ yẹn ti gbilẹ̀. Lọ́dún 1977 ni iléeṣẹ́ Goodyear gbé táyà kan tí wọ́n pè ní Tiempo jáde níbẹ̀, òun ló sì sọ all-season di ohun tí tẹrú-tọmọ mọ̀. Kó tó dìgbà náà, ọlọ́kọ̀ tó bá ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ máa ń ní táyà oríṣi méjì, ọ̀kan fún ìgbà ooru, ọ̀kan fún ìgbà òtútù, tí yóò sì máa pààrọ̀ wọn lọ́dọọdún. Táyà tuntun yìí gba irú wọn lọ́wọ́ ìnáwó ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n po rọ́bà rẹ̀ kó má baà gan bíi pákó bí òtútù bá dé, nítorí pé táyà ìgbà ooru lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ di ilẹ̀ mú mọ́ bí ojú ọjọ́ bá ti tutù dé nǹkan bíi dígírì 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Èkó, kódà láàárín ọyẹ́, ta ló rí dígírì 7 rí? Ohun tó mú kí wọ́n pè é ní all-season gan-an, ìyẹn agbára rẹ̀ nínú òtútù, kò sí ọjọ́ tí oníṣòwò Àjàó Estate máa lò ó.

Èyí kò sọ táyà náà di burúkú o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe dáadáa nínú òjò. Àmọ́ orúkọ náà nìkan kò sọ nǹkan kan nípa ohun méjì tó ń bá táyà jà níhìn-ín, ìyẹn ooru, àti omi tó pọ̀ lójú títì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun méjì yìí ló yẹ kí èèyàn fi dán an wò.

Ìgbà kan wà tí wọ́n ń ṣe táyà nílẹ̀ yìí. Dunlop ń ṣe tiẹ̀ ní Ọba Akran, n’Íkẹjà, Michelin náà sì wà ní Port Harcourt. Michelin ti iléeṣẹ́ náà pa lọ́dún 2007, nígbà tó sì fi máa di ìparí ọdún 2008, Dunlop náà ti dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró. Owó iná mànàmáná àti táyà olówó pọ́ọ́kú tó ń wọlé láti òkè òkun wà lára ohun tí wọ́n ní ó lé wọn lọ. Láti ìgbà náà, inú kọ̀ntéínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà tí àwọn ará Nàìjíríà ń lò ti ń jáde, onírúurú ìlú tí ojú ọjọ́ wọn kò jọ ti Èkó ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún.

Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bí táyà bá ń yí, ara rẹ̀ á máa tẹ̀, á tún máa nà, ìyẹn gan-an sì ń mú un gbóná. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá kéré, á tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹrù bá wúwo jù, bákan náà ni. Bí eré bá wá pọ̀, tí ọ̀dà títì sì ti gbóná láti àárọ̀, wáyà tó wà nínú táyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lára rọ́bà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà rí èyí lọ́dún 2000, nígbà tí iléeṣẹ́ Firestone ní kí wọ́n dá táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà, èyí tí púpọ̀ nínú wọn wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò Ford Explorer. Iye ẹ̀mí tí ìjọba ibẹ̀ ní ó bá ọ̀rọ̀ náà lọ lé ní 270. Àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná, irú bíi Texas, Florida àti Arizona, ni jàǹbá náà ti pọ̀ jù. Ìjà afẹ́fẹ́ sì wà nínú rẹ̀: 26 psi ni Ford ní kí wọ́n máa fẹ́ sí táyà náà, Firestone sì ní 30 ni ì bá dára jù. Táyà orúkọ ńlá ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Báwo wá lèèyàn ṣe máa mọ èyí tó lè fara da ooru? Ẹ̀gbẹ́ táyà ni kó kà. Lára táyà mọ́tò kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ: Treadwear, Traction àti Temperature. Èyí tó kẹ́yìn, Temperature, ló ń sọ bí táyà ṣe lè fara da ooru tó bá ń sáré. A ló dára jù, B tẹ̀ lé e, C sì ni ìpẹ̀kun ohun tí òfin ibẹ̀ gbà. Ẹni tó ń gbé èrò lọ sí Ìbàdàn tàbí Bẹ̀nẹ̀ láti Àjàó Estate kò ní ohun tó fẹ́ fi C ṣe. Àmọ́ ṣá o, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ jù, ni wọ́n fi dán an wò kí wọ́n tó fún un ní A. Ẹni tó bá kó ẹrù àkójù ti ba A náà jẹ́.

Traction ni ti omi. AA ló ga jù, lẹ́yìn náà A, B àti C. Wọ́n á fa táyà lórí títì tí wọ́n ti da omi sí, wọ́n á sì wo bó ṣe ń di ilẹ̀ mú bí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Ọ̀nà tó lọ tààrà nìkan ni wọ́n fi dán an wò, wọn kò dán kọ́nà wò, wọn kò sì dán omi tó jìn wò. Nínú omi tó jìn, kòtò tó wà lójú táyà ló ń rí omi tú jáde. Bí kòtò náà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, táyà á gun orí omi, síríìnì á wá fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bíi pé kò so mọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí táyà AA tó ti pá fi burú ju táyà B tuntun lọ nínú òjò oṣù Okúdù.

Treadwear ni nọ́ńbà tí àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn láti máa nà sí. Èyí tó ní 400 yẹ kó pẹ́ ní ìlọ́po méjì èyí tó ní 200. Òótọ́ ni, àmọ́ orí ọ̀nà ìdánwò kan ní Texas ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ táyà fúnra wọn ló sì ń fún ọjà wọn ní nọ́ńbà. Kò sí kòtò Osolo Way nínú ìṣirò náà.

Ohun tó dára jù ni pé kí oníṣòwò ṣe ìdánwò tirẹ̀. Kò gbà ju ìwé kékeré kan, báírò, àti rúlà ọmọléèwé. Ọjọ́ tó bá ra táyà, kó kọ iye kìlómítà tó wà lójú míítà mọ́tò, kó ti rúlà bọ inú kòtò ojú táyà, kó kọ bó ṣe jìn tó. Táyà mọ́tò kékeré tó jẹ́ tuntun sábà máa ń ní nǹkan bíi mìlímítà 8. Lẹ́yìn 10,000 kìlómítà, kó tún un wọ̀n. Òfin Britain àti ti ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù kò gbà kí ó dín sí mìlímítà 1.6, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń mọ okè kéékèèké sínú kòtò náà: bí ojú táyà bá ti jẹ dé ibẹ̀, ó ti tán. Ṣùgbọ́n fún òjò Èkó, ẹni tó bá dúró títí dé 1.6 ti pẹ́ jù. Mìlímítà 3 ló bọ́gbọ́n mu láti pààrọ̀ rẹ̀. Mìlímítà 5 nìyẹn tí èèyàn lè ná láti orí 8.

Ká ní táyà kan jẹ́ ₦60,000, tó sì pàdánù mìlímítà 2 nínú 10,000 kìlómítà àkọ́kọ́. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, 25,000 kìlómítà ló máa rìn. Èkejì jẹ́ ₦90,000, ó sì pàdánù mìlímítà 1 péré, ìyẹn ni pé á rin 50,000. Owó àpẹẹrẹ lásán nìyí o, torí owó táyà kì í dúró sójú kan. Lórí 50,000 kìlómítà, ẹni tó ra olówó kékeré máa ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì, ₦480,000. Ẹni tó ra olówó ńlá máa san ₦360,000. Ti tòkunbọ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ₦30,000, tó sì rin 10,000 kó tó pá, mẹ́rin lẹ́ẹ̀marùn-ún ni, ₦600,000, láìka owó tí fọ́gánáísà gbà lẹ́ẹ̀marùn-ún àti ọjọ́ tí ọkọ̀ kò fi ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló mọ èyí lọ́kàn ara wọn. Owó tó wà lápò lọ́jọ́ tí táyà bẹ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é, èyí sì ni ìdí tó fi yẹ kí owó táyà máa jáde díẹ̀díẹ̀ lára owó tí ọkọ̀ bá pa lójoojúmọ́, bíi ti epo.

Lórí tòkunbọ̀, nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Àwọn aṣọ́bodè ní táyà àlòkù sínú ìwé ọjà tí òfin kò gbà kó wọlé, síbẹ̀ ó ń wọlé. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wá láti Yúróòpù, táyà ìgbà òtútù sì máa ń wà nínú wọn. Ẹni tó bá rí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín kan wà láàárín rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kó yáa fi í sílẹ̀. Rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún yìnyín kì í pẹ́ jẹ lórí títì gbígbóná.

Ọjọ́ orí táyà náà wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni kó wò. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ń sọ pé ọdún 4 ni kí wọ́n máa kà fún táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn iléeṣẹ́ kan lókè òkun fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ooru ibí kò jọ tiwọn. Àjọ yìí kan náà ló ti ń pariwo lórí táyà tuntun tí wọ́n ń rọ́ sínú ara wọn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí kọ̀ntéínà lè gba púpọ̀. Wáyà inú irú táyà bẹ́ẹ̀ ti tẹ̀ kó tó délé. Ẹni tó bá rí i pé etí táyà tuntun kò rí róbótó mọ́, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ibi tó ti ká kò, kó má rà á, bó ti wù kó dán tó.

Ẹni tó ń kó ẹrù gbọ́dọ̀ tún wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé sáìsì. Lára 195/65R15 91H tó wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ Corolla, 91 túmọ̀ sí pé táyà kọ̀ọ̀kan lè gbé kílò 615, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń kó àpò ìyẹ̀fun nílò èyí tó ní lẹ́tà C lẹ́yìn sáìsì rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ẹrù. All-season ti mọ́tò kékeré kò lè ṣiṣẹ́ yẹn, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ wọ rííìmù.

Afẹ́fẹ́ ni ó kéré jù lówó, òun ló sì ń gùn tàbí gé ọjọ́ orí gbogbo táyà kúrú. Iye tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, àárọ̀ kí ọkọ̀ tó jáde ni kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n, nítorí táyà tó ti rìn ti gbóná, nọ́ńbà rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí àárín ojú táyà nìkan bá ń jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù; bí etí méjèèjì bá ń jẹ, ó kéré; bí ẹ̀gbẹ́ kan péré bá ń jẹ, aláímẹ́ǹtì ni kó lọ ṣe, kó má dá táyà lẹ́bi.

Bí owó bá ká táyà méjì péré, ẹ̀yìn ni kí tuntun méjèèjì lọ, kódà bó bá jẹ́ iwájú ni ẹ́ńjìnì ti ń fa ọkọ̀. Fọ́gánáísà lè bá oníbàárà jiyàn lórí èyí, nítorí iwájú ni ojú ń rí. Àmọ́ bí táyà iwájú bá yọ̀ nínú omi, awakọ̀ á mọ̀ ọ́n lára síríìnì, á sì lè dẹ eré. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló yọ̀, ọkọ̀ ti yí po kó tó mọ̀.