Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kantíkantí, olùkọ́ ìmọ̀ ọpọlọ

Ẹni tó bá ti jókòó ti agbè ẹmu rí ní Ìwòrò, lọ́nà Badagry, mọ kantíkantí dáadáa. Ohun tí kò mọ̀ ni pé olùkọ́ ni.

Lọ́dún 2011, ẹgbẹ́ TReND in Africa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi ní Kampala International University, ní Ishaka, lórílẹ̀-èdè Uganda, kí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Áfíríkà lè fi kantíkantí kọ́ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ kòkòrò yìí? Owó oúnjẹ rẹ̀ kò tó nǹkan, bí ọjọ́ mẹ́wàá péré sì ni ẹyin rẹ̀ fi ń di èyí tó ń fò. Ọpọlọ rẹ̀ ò tó orí pínnì. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ tán lọ́dún 2024, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn (neuron) 139,255 ni wọ́n kà. Tiwa tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86, a ò sì tíì ya ìyẹn débì kan! Kantíkantí náà ni wọ́n fi mọ bí aago inú ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwádìí tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017.

Nígbà tiẹ̀, Dókítà Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, ní láti dé Michigan kó lè kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kó tó padà sí Ìbàdàn lọ́dún 1962. Ọmọ Ìwòrò tó wà ní LASU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó) lónìí lè wá irú ẹ̀kọ́ kantíkantí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Kó kọ́kọ́ béèrè bóyá owó ọkọ̀ òfurufú wà nínú ètò náà, kó sì tètè tọrọ lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀. Lẹ́tà yẹn lè pẹ́ ju ìwé ìrìnnà lọ o.